Àkísà Pupa Létí Ife

Àwọn ọmọ mi máa ń sọ pé inú mi tètè ń ru. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n lè bú mi lọ́jà Ore láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí n má fèsì, ṣùgbọ́n bí mo bá dé ilé tí wọ́n ti ya ife kan sọ́tọ̀ fún ẹnì kan nítorí àìsàn, ẹ wá wo ìjà. Ìyàwó ọmọ mi kan ṣe é nígbà tí òtútù mú mi: ó gbé ife oníke kan lé orí fìríìjì, ó ní ti Màmá nìyẹn. Mo gbé ife náà, mo sọ ọ́ gba ojú fèrèsé jáde. Ọmọbìnrin náà ń sunkún, ó ní nítorí àwọn ọmọ kéékèèké lòun ṣe ṣe é, bóyá òótọ́ ló sì sọ. Kò mọ ohun tí ojú mi ń rí. Ọdún tí wọ́n ń kọ́ wa ní orin òmìnira nílé ìwé l'Odigbo ló pa dà wá bá mi, ọdún tí ilé wa pa àbúrò bàbá mi. Mo ní wọ́n pa á. Àwọn tó kù nínú ẹbí ṣì ń sọ pé àìsàn ni.

Ilé wa kì í dákẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni agogo ilé àdúrà á ti máa dún lódìkejì ọ̀nà, àwọn tó ṣe ìṣọ́ òru á máa pariwo Halelúyà, àwọn àkùkọ Ìyá Àgbà á sì máa dá wọn lóhùn. Bí oòrùn bá là, ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó kòkó lọ sí Ore á fun fèrè lẹ́nu ọ̀nà wa, gbogbo àwa ọmọdé á sì sá jáde lọ wò ó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ pupuru ló ni ilé náà. Ẹ̀gẹ́ ni à ń rẹ sínú omi títí yóò fi rọ̀, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. A óò yọ okùn inú rẹ̀, a óò fún omi rẹ̀ dànù, a óò mọ ọ́n roboto bí orí ọmọdé, wọ́n á wá tò ó sórí àjà nínú ilé èéfín, iná igi á sì máa rú sí i lábẹ́ títí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, ló ni àjà yẹn, òun náà ló sì ni gbogbo wa. Bó bá ti ń fọn iná, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: “Ohun tí èéfín bá ti gbẹ, kì í rà mọ́.” Bí imú ọmọ bá ń dà, ẹ̀gbẹ́ àjà ni yóò gbé e sí. Bí ewúrẹ́ bá ń húkọ́, ẹ̀gbẹ́ àjà náà ni. Ọ̀rọ̀ pupuru ni, ó wá fi ṣe ọ̀rọ̀ èèyàn.

Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́ ni àbígbẹ̀yìn Ìyá Àgbà. Èkó ló ti kọ́ṣẹ́ aránṣọ, ó sì pẹ́ níbẹ̀ ju bí àwọn ará ilé ṣe fẹ́ lọ, nítorí náà wọ́n ti ń yọ ṣùtì sí i kó tó dé rárá. Ó rẹwà. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, a sì máa rẹ́rìn-ín kí ẹni tó ń dápàárá tó dé ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí nígbà tí wọ́n ń sọ ẹrù kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀yìn náà ni mo gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Ikọ́ ẹ̀gbẹ́ ni. Bàbá mi mú un lọ sí ọsibítù ní Oǹdó, wọ́n dá a dúró, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ títí kò fi lè jókòó dáadáa mọ́. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, dókítà sọ fún òun àti bàbá mi pé ikọ́ náà kò lè ran ẹnikẹ́ni mọ́: kó máa bá èèyàn jẹun, kó máa pa dà wá gba abẹ́rẹ́ tó kù, kó má sì sún mọ́ èéfín. Bàbá mi tún gbogbo rẹ̀ sọ lójú wa. Ìyá Àgbà gbọ́ ọ tán, ó ní, “Dókítà ò bá mi rọbí.” Ó ya aṣọ pupa kan, ó so díẹ̀ mọ́ etí ife tánganran funfun kan, ó ní ọmọdé kankan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Abẹ́rẹ́ tó kù, ó ní kò sí ẹni tó ń lọ gbà á, nítorí bí wọ́n bá ń rí i lójú ọ̀nà Oǹdó lemọ́lemọ́, ará ìlú á mọ irú àìsàn tó wà nílé wa. Ó wá tẹ́ ẹní fún ọmọ rẹ̀ nínú yàrá tó fara ti ilé èéfín, kí èéfín lè máa gbẹ ikọ́ náà díẹ̀díẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Èyí gan-an ló ń mú orí mi gbóná jù, pé tìfẹ́tìfẹ́ ló fi tẹ́ ẹní náà. Bàbá mi wò ó, ó ní, “Màmá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀,” ó sì gba oko lọ. Gbogbo ọjọ́ ayé bàbá mi, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ ni.

Ẹni tó ń kọ́ kíláàsì wa nígbà náà ni Tísà Akínbọ̀, ọmọ Alàgbà tó ni ilé àdúrà òdìkejì ọ̀nà. Ó ní ìwé kan tí kì í fi sílẹ̀, ìtàn ilẹ̀ Faransé kan tí wọ́n ti yí sí Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọ̀sán Sọ́ńdè, bí ìsìn bá ti parí, yóò wá jókòó lábẹ́ igi ọsàn wa, yóò ka ojú ewé kan sínú, yóò wá sọ ọ́ fún wa ní Ìkálẹ̀ bí ẹni pé àdúgbò wa ló ti ṣẹlẹ̀. Obìnrin arẹwà kan ló wà nínú ìtàn náà, tí àwọn olówó ìlú ńlá ń gbé kiri bí ẹ̀wù ọdún, tí ikọ́ sì ń jẹ àyà rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé, ó fẹ́ràn rẹ̀ tòun ti ikọ́ náà. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi wo àwọn obìnrin ilé wa bí wọ́n ṣe ń yọ okùn inú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sì ń sunkún. Ẹ̀yìn ọwọ́ ni wọ́n fi ń nu ojú, ẹ̀gẹ́ á sì kún gbogbo ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn. Wọ́n á ní, “Tísà, ṣé ó ti rí nǹkan jẹ lónìí?” Wọ́n á ní, “Ṣé kò ní ìyá ni?” Lọ́jọ́ kan, Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ jágbe, ó ní, “Ọma ọlọ́ma! Ká ní ìtòsí ni, ǹ bá gbé ọbẹ̀ ẹja gbígbóná lọ fún un.” Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti bu oúnjẹ ọmọ tirẹ̀ sínú àwo ọ̀tọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fi igi tì í kọjá sẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Mọrẹ́nikẹ́ sì wà níbẹ̀, lórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, níbi tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ kọjá, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń káàánú ẹlòmíràn.

Tísà ló rí i. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, ó dá ìtàn dúró, ó ní òǹgbẹ ń gbẹ òun. Ọmọdé mélòó kan ti fò dìde sídìí ìkòkò omi, ṣùgbọ́n ó rìn kọjá lára wa, ó lọ dúró níwájú Àǹtí mi.

“Ẹ bá mi bu omi.”

“Ife mi nìyí, Tísà. Ṣé ẹ ò rí àkísà létí ẹ̀ ni?”

“Mo rí i. Ẹ bu omi sí i.”

Ó bu ú. Tísà mu ún tán, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní omi náà tutù dáadáa. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń sọ ìtàn, ohùn rẹ̀ á máa fò lórí wa lọ sí ẹnu ọ̀nà yẹn. A ti mọ̀ pé kì í ṣe àwa ló ń sọ ọ́ fún mọ́. Àǹtí bẹ̀rẹ̀ sí í di irun rẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ síta, ó rán ẹ̀wù tí a óò wọ̀ yan níjọ́ òmìnira fún mi, ikọ́ rẹ̀ sì rọlẹ̀ nítorí pé ìta ló ń wà lọ́pọ̀ ìgbà. Ìyá Àgbà ní èéfín òun ti ń ṣiṣẹ́.

Alàgbà náà máa ń wá. Àpótí ìjókòó tirẹ̀ ló máa ń gbé dání, á jókòó pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀, á di ojú, á máa mi orí. Ọjọ́ kan wà tí ìtàn dé ibi tí bàbá ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ti lọ bá obìnrin náà níkọ̀kọ̀, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọmọ òun sílẹ̀, nítorí bí ó bá dúró tì í, ọmọ òun obìnrin kò ní rí ọkọ gidi fẹ́. Alàgbà dìde fùú. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá burúkú! Ọlọ́run á bi í léèrè ọmọ yẹn!” Gbogbo wa ní àmín. Àmín tó rinlẹ̀ ni, èmi pẹ̀lú wà lára àwọn tó ṣe é, mo sì gbà pé Ọlọ́run gbọ́ ọ.

Tísà wá sọ fún bàbá rẹ̀ pé Mọrẹ́nikẹ́ lòun fẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń pàdé ara yín lórí fóònù, ẹ ò mọ bí a ṣe ń ṣe é. Nígbà náà, kí wọ́n tó fi ọmọ fọ́kọ, wọ́n á rán àgbà kan jẹ́jẹ́ sí àdúgbò àna láti wádìí: ṣé ẹ̀tẹ̀ wà nílé yẹn, ṣé wárápá, ṣé wèrè, ṣé ikọ́ ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ka ikọ́ ẹ̀gbẹ́ mọ́ àrùn ìdílé, bí ẹni pé a máa ń jogún rẹ̀ bí ilẹ̀ kòkó. Wọ́n ní ìwádìí kì í mọ sọ́dọ̀ ọkọ àti ìyàwó nìkan. Wọ́n á wo ẹni tí ẹ̀gbọ́n fẹ́, wọ́n á wo ẹni tí àbúrò fẹ́. Alàgbà sì ní ọmọbìnrin kan, Ẹ́sítà, tí ìdílé oníṣòwò kan ní Ore ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọrọ.

Ọjọ́ tí Alàgbà wá bá Àǹtí, gbogbo àgbà ilé ti lọ sóko. Èmi àti Àǹtí nìkan la wà lágbàálá, ó ń kọ́ mi bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ. Alàgbà dé láìwọ bàtà, bí àwọn ará ilé àdúrà ṣe máa ń rìn, ó dúró sínú oòrùn gangan, ọ̀nà jíjìn.

“Mọrẹ́nikẹ́, ọma mi. Ara ńkọ́?”

“A dúpẹ́, Bàbá. Ẹ wá jókòó síbi òjìji.”

“Rárá, ibí dára.” Ó wo mí, ó wo ilẹ̀. “Àwọn àna Ẹ́sítà ti rán èèyàn wá. Wọ́n ti ń béèrè kiri. Bí wọ́n bá gbọ́ pé Akínbọ̀ fẹ́ mú ọ wá sí ulé mi, wọ́n á pa dà lẹ́yìn ọmọ náà. Mo bẹ̀ ọ́. Sọ fún un pé o ò fẹ́ ẹ mọ́.”

Àǹtí tẹ abẹ́rẹ́ bọ inú aṣọ, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. “Bàbá, dókítà ní ara mi ti yá.”

“Ọlọ́run nìkan ló ń woni sàn.”

“Ẹ gbàdúrà sí i nígbà náà, kí ẹ sì gbà pé ó ti gbọ́.”

Alàgbà tún fìlà rẹ̀ dé. Àǹtí ní, “Bàbá, ṣebí ẹ wà níbí lọ́jọ́ Sọ́ńdè yẹn. Ẹ̀yin lẹ dìde. Ẹ̀yin lẹ ní kí Ọlọ́run bi bàbá yẹn léèrè.”

“Ìwé nìyẹn,” ni Alàgbà wí. “Òyìnbó ni wọ́n. Wọn kì í wádìí ulé ara wọn.”

“Wọ́n wádìí, Bàbá. Ohun tó wà nínú ìwé náà gan-an nìyẹn.”

Ẹ wò ó, ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ pin sí ni, Àǹtí mi ló borí. Alàgbà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ṣí fìlà rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀, ó sì na gbalaja sínú iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú sùtánà funfun yẹn, ó dọ̀bálẹ̀ fún ọmọbìnrin tí ì bá bí. Nílẹ̀ wa, bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, ẹ̀bẹ̀ kọ́ nìyẹn mọ́. Ẹrù ni ó gbé lé e lórí. Bí ọmọ bá kọ̀, ohunkóhun tó bá ṣe é lẹ́yìn ọ̀la, ayé á ní irun funfun tó wọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀ ló ń jà. Alàgbà mọ èyí ju ẹnikẹ́ni lọ, òun ló máa ń fi wàásù. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú ló ti fi ata sẹ́nu. Àǹtí mi ti wó lulẹ̀ lórí eékún rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, kò sì fọwọ́ kàn án, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ láti má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni.

“Ẹ dìde, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde, ẹ má pa mí. Mo ti gbọ́.”

Ó dìde. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ dànù, ó dé fìlà, ó súre fún un láti òkèèrè. Ó ní kí èmi náà máa ṣe ọmọ dáadáa. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mi ò rí olè tó mọ́ tónítóní bí i tirẹ̀ rí.

Òun àti Ìyá Àgbà ló jọ wá irọ́ tí wọn yóò pa. Wọ́n ní kí a sọ pé Mọrẹ́nikẹ́ ti pa dà sí Èkó, sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ti ń fẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Àǹtí gbà, ó ní bí òun bá rí ojú Akínbọ̀, òun kò ní lè sọ ohun tí wọ́n ní kí òun sọ. Nígbà tí a rí Tísà tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, Ìyá Àgbà ti Àǹtí wọ inú ilé èéfín gan-an, nítorí yàrá rẹ̀ ní fèrèsé. Ọwọ́ mi ló wà lọ́wọ́ Àǹtí, bí mo ṣe bá a wọlé nìyẹn. Pupuru ọjà kún orí àjà, iná ń rú. Ilẹ̀kùn pákó ló wà láàárín àwa àti Tísà.

“Èkó ló lọ,” ni Ìyá Àgbà wí. “Ọkùnrin rẹ̀ ló ránṣẹ́ pè é.”

“Láìsọ fún mi, Màmá?”

“Ta ni ọ́ tí yóò fi sọ fún ọ?”

Tísà ò lọ. Ó dúró sójú kan, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ibẹ̀ ni ikọ́ Àǹtí gbé dé. Mo rí i bó ṣe ń bọ̀ láti ikùn rẹ̀. Àǹtí ki ìdí ìró rẹ̀ bọ ẹnu, ó fi ọwọ́ kan tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ọwọ́ kejì di ọwọ́ mi mú títí èékánná rẹ̀ fi wọ̀ mí lára. Gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí ohùn kankan. Omi ń dà lójú rẹ̀, mi ò mọ èyí tí èéfín fà àti èyí tí kì í ṣe èéfín. Tísà tún ní, “Ṣé ó dágbére fún ẹnì kankan?” Ìyá Àgbà ní kò dágbére. Ẹsẹ̀ yẹn dúró síbẹ̀ díẹ̀ sí i, ó wá yí pa dà. Nígbà tí Àǹtí yọ ìró náà lẹ́nu, ẹ̀jẹ̀ wà lára rẹ̀.

Tísà ní kí wọ́n gbé òun kúrò l'Odigbo, wọ́n sì gbé e lọ sí Agbabu. Ẹ gbọ́ o, Agbabu, kì í ṣe ìlú òyìnbó. Èèyàn lè jí kó rìn lọ síbẹ̀. Ibẹ̀ ló wà tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní orin òmìnira, tó gbà pé obìnrin tó fẹ́ràn òun ti fi òun sílẹ̀ lọ bá ọkùnrin mìíràn. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó Ẹ́sítà. Wọ́n pa màlúù. A gbọ́ lẹ́yìn náà pé àgbà tí àwọn ará Ore rán wá kò tilẹ̀ béèrè ọ̀rọ̀ ikọ́; ó kàn fẹ́ mọ̀ bóyá ìyàwó lè se oúnjẹ. Nílé wa, bí ikọ́ Àǹtí ṣe ń le sí i ni Ìyá Àgbà ń fi igi kún iná. Á jókòó sídìí rẹ̀ láti àárọ̀, á máa fọn ọ́n, á máa sunkún, á máa sọ pé yóò gbẹ, yóò gbẹ. Mi ò tíì mọ bí mo ṣe lè dárí ji obìnrin yẹn, mo sì ti fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ mi.

Lọ́jọ́ òmìnira, wọ́n pín ife fún wa nílé ìwé lẹ́yìn tí a yan tán, ife tánganran aláwọ̀ ewé àti funfun. Mo sáré gbé tèmi lọ bá Àǹtí, mo bu omi sí i. Ó wò ó yí po, ó ń fi ìka tọ́ etí rẹ̀.

“Èyí ò ní àkísà,” ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín, ó mu díẹ̀. Inú mi dùn bí ẹni pé èmi ni mo wò ó sàn. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, Ìyá Àgbà ti ya aṣọ pupa mìíràn, ó ti so ó mọ́ etí ife náà.

Kò pẹ́ sí i tí Àǹtí kú. Òkú ọ̀dọ́ ni, a sin ín sẹ́yìnkùlé lọ́sàn-án. Àwọn obìnrin tó ń yọ okùn ẹ̀gẹ́ wá, wọ́n sunkún, òmíràn tilẹ̀ ń sọ pé gẹ́gẹ́ bí ti obìnrin inú ìwé ni. Alàgbà ló wàásù. Ó pè é ní arábìnrin wa tí gbogbo wa fẹ́ràn. Ibi tó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni Tísà gba ẹ̀yìn ilé wọlé, eruku Agbabu bò ó títí dé orúnkún. Awakọ̀ kan ló sọ fún un pé òkú wà nílé wa. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ pupa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, kò kí ẹnikẹ́ni.

Oòrùn mú, Alàgbà wàásù tán, ó ní kí ẹnì kan fún òun lómi. Mo dìde. Mo kọjá gbogbo ife ilé wa, mo bu omi sínú ife òmìnira mi, mo gbé e wá pẹ̀lú àkísà rẹ̀, mo sì kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Ó na ọwọ́. Ó rí aṣọ pupa náà. Ọwọ́ yẹn dúró sínú afẹ́fẹ́.

“Omi nìyí, Bàbá.”

“Òǹgbẹ ti kúrò, ọma mi. Gbé e lọ.”

Mi ò gbé e lọ. Mo gbé e sẹ́nu níbi tí mo kúnlẹ̀ sí, mo mu ún títí dé ìsàlẹ̀, Ìyá Àgbà ń ké pe orúkọ mi, ẹnikẹ́ni kò sì wá gbà á lọ́wọ́ mi, nítorí wọ́n ń bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án. Mo ti dàgbà ju ọjọ́ orí tí Ìyá Àgbà wà lọ́jọ́ náà. Mi ò húkọ́ rí ju ti ọ̀fìnkìn lọ.

Tísà ló wá sọ́dọ̀ mi. Ó gba ife náà, ó wo àkísà létí rẹ̀, ó wo ilé èéfín, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè bá tèmi mu.

“Lọ́jọ́ tí mo wá yẹn, ṣé lóòótọ́ ló wà ní Èkó?”

Mo gbọ́ tí bàbá mi ní, “Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀.”

“Inú ilé èéfín ló wà, Tísà,” ni mo wí. “Ó ń gbé ikọ́ mì, kí ẹ má baà gbọ́. Bàbá yín ló dọ̀bálẹ̀ fún un.”

Tísà dìde, ó kọjú sí bàbá rẹ̀, ife yẹn sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Alàgbà ṣẹ́jú, ó nu ojú, ó wá gbé orin ìsìnkú sókè. Ó kọ ọ́ títí ó fi dé ẹsẹ̀ kejì. Kò sẹ́ni tó gbè é.